Àwọn Ọkùnrin Tí Káyọ̀dé Rà

Fìdítì,
Oṣù Kẹsàn-án, 1998.

Káyọ̀dé ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé omi sì ń yọ nínú ẹ̀rọ yín ní Èkó níbẹ̀ yẹn? Bí o bá bèèrè wa, àwa náà wà láàyè, à ń jẹ, à ń sùn, Olúwa ló ni ọpẹ́. Ẹni tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ kò ní ṣàì mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, àmín. Àlàkẹ́ ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun. Ọsàn so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka ń ya, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ìjì gbé páànù kan lọ lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n a ti fi òkúta tẹ àwọn tó kù mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ páànù ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Inú ń bí mi, Káyọ̀dé. Èmi ni mo pè é ní ìbínú o, ìyá rẹ ní kì í ṣe ìbínú, ó ní owú ni mò ń jẹ. Mo rò ó títí, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mò ń jowú, ọmọ mi, ó sì wọ̀ mí dé eegun.

Akínwálé, ọmọ Àlàní tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan, wá sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo sáré lọ bá a kí n bi í ìdí tí ìwọ kò fi bá a wá. Ó ní kí n má bínú, ó ní Káyọ̀dé ò ráyè ni, ó ń to ìlà iwájú rẹ̀. Mo ní ìlà kí ni? Ó ní ìlà àwọn ọkùnrin tó ń dí ọ̀nà fún un. Ó ní o ti ra ọkùnrin mẹ́rin tó sanra bí àpò gàrí, ṣùgbọ́n o fẹ́ ta méjì nínú wọn kí o fi ra àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá.

Ọmọ tí mo bí nínú mi ń ra èèyàn, ó tún ń tà wọ́n! Mi ò dúró gbọ́ ìyókù, ilé wòlíì ni mo gbà lọ. Wòlíì gbààwẹ̀ fún ọ, èmi náà gbà á, ìyá rẹ ń wọ́n omi àdúrà sí fọ́tò rẹ tó wà lára ògiri títí àwọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìgbà tí a ń ṣe èyí lọ́wọ́ ni Akínwálé wọlé wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní inú tẹlifíṣọ̀n ni àwọn èèyàn náà wà. Ó ní géèmù ni, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó rí bí èso kòkó, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí gbogbo wọn ń dé akoto bí ọlọ́kadà tó fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀.

Nígbà náà ni mo tó fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó ní gbogbo wàhálà ibẹ̀ ni pé owó tí wọ́n fún ọ nínú géèmù náà kò tó ra gbogbo ẹni tó dára. Tí o bá kó àwọn tó sanra síwájú, kò sí ẹni tó lè gba àárín wọn kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò lè sáré, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì á dúró bí ẹni tó ń ṣa tòmátì lọ́jà, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á jù ú síbi tó bá wù ú. Tí o bá sì kó àwọn tó yára síbẹ̀, wọ́n á lé ẹni náà bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á gbé bọ́ọ̀lù há abíyá, á gba àárín wọn kọjá wẹ́rẹ́. Ó ní èyí ni ò ń rò tí o kì í fi í jẹun lásìkò.

Mo bi Akínwálé pé tí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé inú òkùnkùn ni àwọn ọkùnrin náà máa ń dúró sí, àti pé ta ní ń bọ́ wọn, nítorí ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ ẹ̀kọ méjì kó yó. Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń bọ́ wọn, Káyọ̀dé. Ìdí tí nǹkan kì í fi í dé ibí mọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kò tíì dé ibẹ̀. Akínwálé ní o mọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ga tó, o mọ bó ṣe wúwo, o mọ iye agbára tó wà lápá rẹ̀, torí pé wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní orúnkún ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ nígbà eré, inú rẹ sì bàjẹ́, o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Orúnkún! Orúnkún èmi bàbá rẹ ti ń dùn mí láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ni mo fi ń lọ oko báyìí. Ṣé o mọ̀? Kí ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tèmi? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí kò lè kí ọ kú àárọ̀, òun lò ń kẹ́dùn orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin ló ń jowú, irọ́ ni wọ́n pa, kí wọ́n wá wo ọkùnrin níbí.

Àti ọ̀rọ̀ ìlà títò yìí náà. Ìkórè ìjọ wa ku oṣù kan, o sì mọ bí a ṣe ń ṣe é, wọ́n á pe ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìdílé náà á tò síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ẹ̀bùn wọn. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n pe Àlàní, ìlà wọn dí gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ọmọ, Akínwálé ló ru iṣu ṣáájú. Wọ́n pe àwa, èmi àti ìyá rẹ nìkan la jáde. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn, òun gbé adìyẹ, àyè tó wà láàárín wa sì fẹ̀ débi pé àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo wo Àlàní, ó ń wolẹ̀ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo bí ọ, àwọn ará Amẹ́ríkà lò ń bá to ìlà.

Mo ti bá ọ ronú sí géèmù náà ṣá. Ta gbogbo wọn, kí o fi èmi àti ìyá rẹ rọ́pò. Má rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí ọdún tí àwọn nọ́ọ̀sì wá láti Jobele láti gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́, tí o sá? Èmi ni mo ń lé ọ yí ilé po, ìyá rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, kò mira. O yà sí ọ̀tún, mo wà níbẹ̀, o gba àárín, o bá ìyá rẹ níbẹ̀. Bí a ṣe mú ọ nìyẹn, ẹnì kan ń lé, ẹnì kan dúró, a kò sì ra ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè sáré lé èèyàn mọ́ báyìí.

Ní ti owó, jọ̀wọ́ fi owó ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí wa, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn ti tó. Akínwálé ní owó inú géèmù ni, kò ṣe é ná níta. Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó kọ́kọ́ dán an wò lọ́jà.

Olúwa á dúró níwájú rẹ, ohun búburú kankan kò ní rí àárín gbà kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Á lé ohun tó ń lé ọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, àmín.

Wá sí ìkórè, Káyọ̀dé. Mú àwọn ọkùnrin náà dání bí wọn kò bá lè dá wà, ìyá rẹ á se oúnjẹ tí yóò tó. Má sì bẹ̀rù pé a ó há ọ mọ́lé. Tí o bá ti lè tò sáàárín wa títí orin kan á fi parí, bí o bá fẹ́ padà lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ á kúrò lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà kò sì ní lé ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Amos.