Ẹ̀rù Ló Ń Gbọ̀n Mí, Wọ́n Ní Ẹ̀mí Ni

Mo parọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú ọkọ mi, ẹ ó kàn máa ṣàánú mi ni... àánú kọ́ sì ni mo wá, ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí. Ẹ má bínú pé n kò kọ orúkọ mi. Ọ̀nà Ifẹ̀ ni abúlé wa wà, kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Aṣọ ni mo ń rán, mo sì jẹ́ aríran nínú ìjọ Aládùúrà wa.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó máa ń tẹrí ba kí ó tó wọ yàrá mi. Ilé ìwé mọ́dà ni olùkọ́ kan ti fi básíkẹ́ẹ̀tì hàn án, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n tó wà lókè. Bí ó ṣe jáde ìwé báyìí ni ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn gbà á. Wọ́n pè é ní ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò gbé fáìlì kankan rí. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń sanwó oṣù fún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Òpó Wáyà, èmi náà sì di Ìyá Òpó Wáyà. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé wa, wọn a máa pariwo láti orí lọ́rì tó ń gbé wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù pé Ìyá Òpó Wáyà, ẹ bá wa sọ fún un kí ó fi bọ́ọ̀lù kàn wá, ìyá bí àwa náà o! Èmi a rẹ́rìn-ín. Àyà mi a sì máa já, nítorí lọ́rì yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bọ́ sínú jàǹbá ọkọ̀ rí, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ tí yóò fi yé yín. Ìrókò ni èmi àti bàbá rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ibà ń ṣe mí, wọ́n bá mú mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, òun bọ́ sẹ́yìn lórí àpò gbágùúdá. Nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, ojú fèrèsé ni wọ́n ti fà mí jáde... òun ni àwọn àpò náà bò mọ́lẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń bá mi dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ mí. Láti ìgbà náà, bí lọ́rì bá ti fun fèrè, n ó ju aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀, n ó sáré jáde lọ wò ó. Ọmọ mi sì nìyí, orí lọ́rì ni ayé rẹ̀ wà: lónìí Èkó, lọ́la Bìní.

Ní ọdún tó kọjá, ó mú ìrìn àjò Kàdúná kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí a gbàdúrà sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé ibi tí àwọn ọmọdé jókòó sí. A ń kọrin. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn nílẹ̀, mo rántí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ àpò, ara mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù lásán ni! Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí ara aríran bá ti ń gbọ̀n báyẹn, agogo ni wọ́n ń lù sí i. Wọ́n lu agogo, wọ́n yí mi ká, wọ́n ń pariwo pé, “Ẹ sọ ọ́ jáde, Màmá Aríran! Ẹ má fi pamọ́!” Ẹnu mi sì là. Mo ní báyìí ni Olúwa wí, kí ọmọ yìí má ṣe gun ọkọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù mọ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Òun náà ṣe àmín láti ilẹ̀ tí ó wà. N kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, n kò gbọ́ ohùn kankan. Mo mọ bí ìran ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá jẹ́ ìran. Èyí kì í ṣe é.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kàdúná láìsí i, wọ́n sì dé láyọ̀. Ẹ gbọ́ o, gbogbo wọn dé láyọ̀, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀. Kápútéènì wọn wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní, “Ìyá Òpó Wáyà, ẹ wò ó, orí mi pé, ẹsẹ̀ mi pé. Àbí Ẹ̀mí tiyín kò mọ dírẹ́bà wa ni?” Mo lé e jáde, mo ní ọ̀rọ̀ òdì ló ń sọ. Èmi tí mo parọ́ ni mo ń lé ẹlòmíràn nítorí ọ̀rọ̀ òdì! Àwọn ọ̀gá ọmọ mi gbé ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, ibẹ̀ ló ti ń ru páálí. Kò ráhùn rí. Ó kan agbọ̀n kan tí kò nídìí mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń gbọ́ bọ́ọ̀lù yẹn bí ó ṣe ń balẹ̀ tó ń ta padà... ojú rírán mi kì í gún mọ́.

Ẹgbẹ́ kan ní Èkó ti wá ránṣẹ́ sí i báyìí. Wọ́n ní láàárín àwọn ni wọn yóò ti ṣa àwọn tí yóò lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà ní òkè òkun, àwọn kò sì ní dúró dè é kọjá ìparí oṣù yìí. Nínú ìjọ wa, ohun tí aríran bá kà léèwọ̀ fún ènìyàn, aríran yẹn náà ló gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ mìíràn láti òkè kí onítọ̀hún tó bọ́ níbẹ̀. Alágbà pàápàá kò lè tú u. Ọmọ mi wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó jókòó sílẹ̀, síbẹ̀ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká mi. Ó ní, “Màmá, mi ò ní kí ẹ sọ pé kí n lọ o. Ẹ ṣáà bá mi bi Í. Bí Ó bá ní rárá, ó tán.” Láti ìgbà náà ló ti ń gbààwẹ̀, tòun ti páálí lórí. Eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Alágbà sì ti ní kí gbogbo ìjọ bá a gbà á, pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù, Màmá Aríran yóò dìde jíṣẹ́.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dìde tí mo ní Olúwa ti tú u sílẹ̀, irọ́ kejì nìyẹn. Bí lọ́rì bá sì wá dojú dé pẹ̀lú rẹ̀, ta ló pa á? Bí mo bá sọ òtítọ́ ńkọ́? Ojú wo ni yóò fi wò mí, ọmọ tí ó gbọ́ràn sí ẹ̀rù ìyá rẹ̀ lẹ́nu tí ó rò pé Ọlọ́run ni? Àwọn tí mo ríran sí lóòótọ́ ńkọ́, ṣé wọn kò ní pọ gbogbo rẹ̀ dànù? Bí mo bá sì dákẹ́, òun ti gbà. Yóò máa ru páálí, yóò máa ṣe àmín, yóò sì máa wọlé wá bá mi ní alaalẹ́ láàyè... Ìdákẹ́ yẹn wù mí, ẹ̀yin ará, n kò ní tan yín.

Mo ti ń gbàdúrà lóòótọ́ báyìí, mo ń bẹ Ọlọ́run kí Ó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ àná, lórí eékún tí mo wà, mo ṣàdédé rí i pé mo ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Mo ń bẹ̀ Ẹ́ kí Ó sọ̀rọ̀, mo sì ń di etí kí n má baà gbọ́ pé, “Jẹ́ kí ó máa lọ.” Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọlọ́run jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i kí ọjọ́ Ìsinmi náà tó pé. Kí ni kí n dìde sọ fún ọmọ mi?