Márùn-ún Ni Wọ́n: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Bàbá Tìmùtìmù

Sí Màmá Kékeré, àkọ́bí olóògbé, sí ìyá wọn, àti sí gbogbo ọmọ ilé náà.

Ọkàn wa wúwo, ọwọ́ wa kò sì yá rárá, bí a ti jókòó láti kọ ìwé yìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ pé bàbá yín, tí àwa níbí mọ̀ sí Bàbá Tìmùtìmù, ti dákẹ́ lórí ibùsùn wọn lẹ́yìn àìsàn ọkàn tó bá wọn fínra fún oṣù méje. Ẹgbẹ́ wa ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń fi párásúùtù bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà jù lọ nínú ìwé wa ni a pàdánù, a sì pàdánù ọ̀rẹ́. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá.

Ìwé ìkẹ́dùn mìíràn ì bá fi ìyìn díẹ̀ àti àdúrà parí síbí, ṣùgbọ́n ohun tí Màmá Kékeré kọ sí wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní nígbà tí ẹ ń palẹ̀ àpótí aṣọ bàbá mọ́ ni ẹ rí ìwé kékeré kan tí a kọ ìfò mẹ́sàn-án sí, òǹtẹ̀ wa sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ilé. Ẹ kọ ọ́ pé ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí àbúrò yín àbíkẹ́yìn, tí gbogbo ilé ń pè ní Jẹ́jẹ́, ṣàìsàn kú ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ ní bàbá kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni, wọn kò sì pe orúkọ ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ wá bi wá ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ṣé ikú ni bàbá wa ń wá kiri lọ́dọ̀ yín?"

Nígbà tí a ka gbólóhùn yẹn sókè níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí èmi akọ̀wé dáhùn, nítorí èmi ni mo gba bàbá wọlé. Ìdáhùn wa ni pé rárá o. Ṣùgbọ́n rárá lásán kò lè tu ọmọ nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ó fún yín bó ti rí.

Iṣẹ́ ló gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Àwọn bẹ́ǹṣì inú kíláàsì wa le bí òkúta, a sì ránṣẹ́ pe onítìmùtìmù tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Wọ́n dé pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn àti abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n gún mọ́ àyà ẹ̀wù, wọ́n wọn bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, wọ́n wọn ìkejì. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ìkẹta ni wọ́n ti gba ojú fèrèsé rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí pápá. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá ọjọ́ orí kan wà tí a kì í gbà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n nígbà náà. Mo fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, mo ní onítìmùtìmù ń wá kí ni lójú sánmà? Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe ohun tí gbogbo ayé ń jókòó lé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó yẹ kí òun náà dìde lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ara wọn dá ṣáṣá nígbà náà. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè tí ó yẹ kí orúkọ ẹbí wà sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ní bí ilé bá gbọ́, wọ́n á ní orí bàbá ti dàrú. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí n gbà á. Àṣìṣe ẹgbẹ́ wa ni, kì í ṣe ti bàbá, a sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn. Láti oṣù yìí lọ, a kò ní gba fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni tí ẹbí rẹ̀ kò bá mọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa iṣẹ́ wa, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ ṣí párásúùtù. Okùn kan ni a so mọ́ bàálù, òun ló ń fà á ṣí. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé bó bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ó ka ohun márùn-ún, kí ó tó gbójú sókè. Bí aṣọ bá ti ṣí, ọpẹ́ ni. Bí kò bá ṣí, kí ó fa párásúùtù kejì tí a fi pamọ́ sí i láyà. Ẹni tó bá sáré kà á yóò gbójú sókè nígbà tí aṣọ ṣì ń tú, ẹ̀rù yóò mú un fa ìkejì, méjèèjì yóò sì lọ́ mọ́ra. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá gun pèpéle tí a fi ń dánra wò, wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Wọ́n ti ka àrún tán kí ẹsẹ̀ wọn tó kúrò lórí pákó. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ àgbà wa, obìnrin tí kì í gbójú fo nǹkan, ní kí wọ́n wá ohun márùn-ún tí ẹnu wọn kò lè sáré pè. Púlọ́ńbà kan nínú kíláàsì máa ń ka ilé márùn-ún tó ti gbé rí. Bàbá ní ó ti tán, kò sí bàbá tó ń kánjú pe orúkọ ọmọ. Wọ́n padà gun pèpéle, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: Màmá Kékeré. Awakọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín. Adúmáadán. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n gbójú sókè.

Olùkọ́ ní mẹ́rin nìyẹn, mẹ́rin kò tó. Olùkọ́ kò tíì mọ nǹkan kan nípa ikú Jẹ́jẹ́. Bàbá ní iye tí àwọn ní nìyẹn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n kúkú fi orúkọ ìyàwó kún un. Olùkọ́ ti rí ojú bàbá nígbà náà, ó sì pa ẹni náà lẹ́nu mọ́, ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá bọ́ akoto orí wọn, wọ́n gbé e sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì lọ láì kí ẹnikẹ́ni.

A kò rí wọn fún Sátidé méjì. A ti gbà pé ó parí. Nígbà tí olùkọ́ dé láti ṣílẹ̀kùn ní Sátidé kẹta, bàbá ti wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn wa. Wọ́n sọ ti Jẹ́jẹ́ fún un látòkèdélẹ̀: bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn ní láti tẹ̀ sún mọ́ ọn, bí ó ṣe máa ń sùn lórí òwú ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó kéré, àti àárọ̀ tó kú. Wọ́n wá ní: "Márùn-ún ni wọ́n. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú ni, èmi fúnra mi ni mo wá sọ ọ́ nù, torí n kò pè é." Wọ́n gun pèpéle, wọ́n ka márààrún. Ohùn wọn fọ́ lórí ìkarùn-ún. Wọ́n jókòó sórí pákó náà, wọ́n sì sunkún títí oòrùn fi wọ inú kíláàsì, olùkọ́ wa sì jókòó tì wọ́n. Màmá Kékeré, bàbá yín sunkún o. Ibi tí wọ́n ti sun ún ni ẹ kò mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fò, ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù gbọ́ orúkọ yín, ó gbọ́ ti Awakọ̀, atẹ́gùn sì gba ìyókù. Láti ilẹ̀ ni olùkọ́ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú rédíò etí wọn. Ó ní kí wọ́n yà sí ọ̀tún, bàbá yà sí òsì, wọ́n sì fi ìdí balẹ̀ sínú koríko gíga. A sáré débẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ wò wá, wọ́n ní ilẹ̀ yìí nílò tìmùtìmù. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán, wọ́n di ọwọ́ olùkọ́ mú, wọ́n ní: "Nígbà tí mo pe Jẹ́jẹ́ tí mo gbójú sókè, ó ti ṣí."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sí i pé ẹni tó ń wá ikú kì í ṣe bí bàbá ti ń ṣe. Wọ́n máa ń yẹ okùn ara wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tún yẹ ti ẹlòmíràn wò. Ojú aránṣọ wọn ló rí ojú rírán kan tó ti ń tú lára bẹ́líìtì púlọ́ńbà yẹn, èyí tí àwa tí a pe ara wa ní ọ̀gá kò rí. Ní ọjọ́ tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í le, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù kó tó gbéra, wọ́n ní ilé ń pe àwọn. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹsẹ̀ rọ́ nídìí pèpéle, wọ́n rán tìmùtìmù kan tó fẹ̀ tó yàrá, wọ́n kó òwú àti àjákù aṣọ kún inú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀ láì jẹ́ kí a bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò rọ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń wá ikú kì í ro ti ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan ni olùkọ́ máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ fún ilé. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní ojú sánmà kò ga tó tábìlì ìjẹun ilé àwọn. Lókè, àwọn lè pe Jẹ́jẹ́. Nílé, bí àwọn bá ya ẹnu, tí àwọn rí ojú màmá yín, ọ̀rọ̀ yóò padà wọnú. Wọ́n ń wá ọ̀nà ni, àìsàn ló ṣáájú wọn débẹ̀.

Oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n wá fúnra wọn, wọ́n mú ìwé dókítà lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè, wọ́n ì bá ti fi pamọ́ kí wọ́n sì máa fò lọ. Ìfò kan péré ló kù tí ìpele àkọ́kọ́ wọn ì bá fi pé. Èmi yìí ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ lẹ́nu akọ̀wé, mo ní ó mà ṣe o, ẹyọ kan ló kù. Bàbá fi akoto lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní: "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti sin ọ̀kan. Mo fẹ́ kí mẹ́rin tó kù sin mí láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, kí ẹnikẹ́ni má wá ṣa mí ní pápá."

Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, Màmá Kékeré. Òun náà ni ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ fún wọn yìí.

Ẹgbẹ́ wa yóò wà níbi ìsìnkú. Àwọn mẹ́fà tó bá bàbá jókòó ní kíláàsì ti ní àwọn fẹ́ ran Awakọ̀ lọ́wọ́ láti gbé pósí, bí ẹbí bá gbà wọ́n láàyè. Iṣẹ́ tìmùtìmù wa kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ọjọ́ tí màmá bá sì fẹ́ rí pápá náà, kí wọ́n ránṣẹ́, a ó fi mọ́tò wa gbé wọn, olùkọ́ àgbà yóò jókòó tì wọ́n, a kò sì ní dá ọ̀rọ̀ sí i àfi tí wọ́n bá béèrè.

Kí Ọlọ́run tó fún bàbá yín ní ìsinmi wá bá yín jókòó nínú ilé tó dá páropáro yìí. Kí ó di màmá mú, kí oorun wọn má ṣòro jù. Kí ó ṣí yín lẹ́nu lórí tábìlì yẹn, kí ẹ lè máa pe bàbá, kí ẹ lè máa pe Jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa jẹun lọ.

Tiyín nínú ìbánikẹ́dùn,
Akọ̀wé, ní orúkọ olùkọ́ àgbà àti gbogbo ẹgbẹ́.