Òkúta Tó Ń Jìnnà sí Ògiri

Ẹ̀yìn Odò,
Màtárè,
Náíróbì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, 2014.

Kalunde, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kitui? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́? Èmi wà láàyè, àfi ẹsẹ̀ mi tó tún wú.

Ọ̀rọ̀ Kavindu, ọmọ Mumbua ọmọ mi, ni mo fi ń kọ̀wé. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n òdìkejì títì ńlá ló wà, ọ̀sán ni wọ́n sì ń lé àwọn ọmọdé wálé. Ìrọ̀lẹ́ ni Mumbua ń dé láti ibi tó ti ń fọṣọ fún àwọn olówó. Bàbá ọmọ kò sí. Ló bá fi ọmọ sí ilé ìwé Tíṣà Ogutu nítòsí wa, tó ń tọ́jú wọn di ìrọ̀lẹ́. Páànù àti pákó ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lé èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Kavindu ní wọ́n ti ní kí wọ́n máa bọ́ bàtà kí wọ́n tó gun òkè, kí ẹnikẹ́ni má fò.

Mo so òkúta mọ́ okùn tí mo fi ń hun agbọ̀n, Kavindu sì so ó mọ́ fèrèsé òkè ilé ìwé náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òkúta ń kan ògiri nísàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ìkúùkù mi wọ àárín wọn. Lánàá, ìkúùkù méjì wọ̀ ọ́.

Mo pe Ogutu kó wá wò ó. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ti di bíríkìlà ni? Ẹ lọ hun agbọ̀n yín jàre."

Mo ní, "Ẹni tó ń hun agbọ̀n mọ ohun tó wọ́!" Ó já okùn mi dànù.

Mumbua ní, "Màámi, ta ló máa mú un sọdá títì? Ṣé ẹsẹ̀ yín yìí ló máa gun afárá? Ọjọ́ tí ẹ bá gbà láti di ọ̀pá mú, màá mú un kúrò níbẹ̀."

Kalunde, èmi ni mo fi ọmọ yẹn sábẹ́ páànù. Ní Kérésìmesì, o fẹ́ fún mi ní ọ̀pá bàbá wa, mo ní kí o fi dáná. Tí o kò bá tíì fi dáná, fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí mi lọ́la. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ náà nìyí, má rẹ́rìn-ín.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, àmọ́ òjò ti ń kan páànù orí mi, ó sì dún wúwo. Àwọn ọmọ ilé ìwé Ogutu kò tíì jáde. Mo ti yọ igi ìnulẹ̀ Mumbua, mo ń fi tilẹ̀ lọ mú Kavindu.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ olóríkunkun,
Syombua.