Bàbá Mi àti Reluwé Eléèéfín

Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Látìgbà tí màmá wa ti kú, bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Crumpsall nílùú òyìnbó níbí kì í fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo mú wọn lọ wọ reluwé eléèéfín kan tí ìjọba ti pa tì tẹ́lẹ̀, tí àwọn òyìnbó àdúgbò fọwọ́ ara wọn tún ṣe. Bí fèrè ẹ̀ ṣe dún, bàbá pariwo: "Irú ẹ̀ ni mo máa ń dáná sí níṣẹ́ l'Ọ̀fà!"

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń lọ bá àwọn òyìnbó náà nu ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń kọrin bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá wọn dúró, pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ò yẹ àgbà. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn.