Àpá Èékánná Tó Wà Lọ́rùn Rẹ

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Onírẹ̀kẹ́,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Okúdù, 2025.

Wàhábì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, kí n má baà fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Lọ́dún 1967, nígbà tí àwa méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ ní Marine Beach, ìwọ lo fà mí yọ. Èmi ni mo sáré lọ bá bàbá rẹ pé èmi ni mo fà ọ́ yọ. Irọ́ ni. O mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà mọ̀.

Mo wá kí ọ wàyí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nídìí òfì rẹ ńkọ́? Ẹ kú òjò ní Ìsẹ́yìn o. Ara tèmi kò burú, àfi orúnkún tó ń dùn mí, àti ìríra. Ìríra yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Dókítà ló ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, pé yóò dára fún orúnkún, pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì náà yẹ kó ní ohun tí yóò máa fi ọjọ́ ṣe. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn Warehouse Road. Wàhábì, ọmú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti abiyamọ, ikùn mi yọ síwájú, mo wá wọ ṣòkòtò péńpé bọ́ síta láàárín àwọn tí mo lè bí lọ́mọ. Láti òkèèrè, omi náà mọ́ lójú. Tí o bá súnmọ́ ọn, wàá rí irun orí ẹlòmíràn tó ń léfòó, wàá rí báńdéèjì tó já kúrò lójú egbò, wàá rí ikun imú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan dúró ní igun, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ rọ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe sínú omi. Kí n tó sá kúrò, mo ti gbé ẹnu kan mì. Mo bì títí mo fi délé.

Ejiroghene ni orúkọ obìnrin tó ń kọ́ mi. Ọmọ Ùròbò ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Bí mo bá ti ń fi ọwọ́ lu omi, á ní, "Bàbá, ẹ fi omi sílẹ̀, kò jí nǹkan yín. Water no dey fight person wey no fight am."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi lọ síbi tó jìn, ó sì jọ̀wọ́ mi. Mo rì. N kò mọ ohun tí mo ń ṣe mọ́, mo ṣáà fi èékánná dì í lọ́rùn mú bí alákàn. Ó wọ́ mi dé etí púùlù, ó ń wúkọ́, àpá èékánná mi mẹ́rin wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Mo ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí ara yín. Ẹni tó ń rì ló máa ń fi èékánná di ọrùn ẹni tó wá yọ ọ́ mú. Once I see nail for neck, I go know who save who."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi létí, mo rántí Marine Beach. Àpá mẹ́rin ló wà lọ́rùn tìrẹ náà lọ́jọ́ yẹn. Bàbá rẹ rí i, ó béèrè. Mo ní ibi tí mo ti dì ọ́ mú nìyẹn. Ọmọ òkè ni Àlàájì Sàlàkọ́ bàbá rẹ, kò mọ ìṣe omi. Ká ní apẹja ni, ojú kan ni ìbá fi wo ọrùn rẹ tí ìbá fi gbá mi létí. Ìwọ sọ òtítọ́, ó nà ọ́. O tún un sọ, ó tún nà ọ́, ó ní o lọ bá omi ṣeré tán, o tún fẹ́ gba iyì ẹni tó gbà ọ́ là. Ìwọ tí tíṣà ti mú fún ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ìwé wa! Ó yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé, ó fi ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ àgbà ní Ìsẹ́yìn, ó ní ibi tí òkun kò sí ni kí o dàgbà sí. Ìwé rẹ parí síbẹ̀. Tèmi dé yunifásítì.

Èmi ni bàbá rẹ gbé tẹ̀sùbáà tó mú bọ̀ láti Mẹ́kà fún. Ó sì pa á láṣẹ pé lọ́dọọdún, itan àgbò Iléyá kan gbọ́dọ̀ dé ilé mi. Nígbà tó kú, tí o béèrè tẹ̀sùbáà náà gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí, mo ní olè ti gbé e. Abẹ́ ìwé ẹ̀rí mi ló wà nínú àpótí. N kò fi ṣe àsíkírì lẹ́ẹ̀kan rí.

Ní Iléyá tó kọjá yìí, Sàfíátù ọmọ rẹ gbé itan wá láti ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀ ní Coconut, ní Àpápá níbí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, bí kì í bá ṣe yín ni, ta ni ìbá bí wa?" Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo jẹ ẹran náà, Wàhábì. Mo fọ́ eegun rẹ̀, mo fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu. Mo ń bú omi púùlù pé ó dọ̀tí!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi gba ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Lánàá, mo ránṣẹ́ pe Sàfíátù, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ sì ń gba itan yẹn?" Ó tún ní, "Ṣé bàbá mi mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?" Mo ní bí ẹja. Ó bú sẹ́kún. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ rẹ tó mọ̀.

N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ mi náà ń rí mi lára. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé, kí o sì jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí. Má fi itan àgbò ránṣẹ́ mọ́. Sàfíátù ni yóò mú tẹ̀sùbáà Bàbá wá fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó pé. Tìrẹ ni.

Èmi ni ẹni tí o fà yọ nínú omi,
Gàfárù.