Àlàfo Kan Nínú Aṣọ Ìbora Màmá Susannah

Ní ọdún 1951, ní Àgọ́-Ìlàjẹ, abúlé apẹja kan létí ọ̀sà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ni a bí olóògbé wa, Ìyáàfin Susannah Ògúnsànyà. Bàbá wọn ni Matthias Akíngbémisílú, apẹja tó gba ojú omi wá láti etíkun Òǹdó. Ìyá wọn ni Dọ́káàsì, tó mọ ẹja yan ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ. Orí òpó ni ilé wọn dúró sí, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ilé orí omi kì í ṣe ilé ọlọ́lá, kó wá wo irú ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde.

Láyé ìgbà náà, aṣọ ìgbòkun ló ń gbé ọkọ̀ apẹja rìn. Bí ìgbòkun bá gbó, wọn kì í sọ ọ́ nù nílé Akíngbémisílú. Ṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí wọ́n á máa rán àgékù aṣọ mọ́ ọn lára títí yóò fi di aṣọ ìbora tó nípọn. Àṣà kan sì wà lórí aṣọ náà. Ẹni tó bá ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìrìn àjò, tàbí tó ń lọ ilé ọkọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gé díẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, tí wọn yóò rán an mọ́ ti àwọn ará ilé. Wọ́n ní aṣọ tó kù nílé ló ń pe ara tó lọ. Òkú nìkan ni wọ́n ń bá gé.

Ọdún 1962 ni ohun tó sọ Màmá di ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ṣẹlẹ̀. Bàbá Matthias lọ pẹja, ìjì jà, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, wọn kò dé. Àwọn ará àgọ́ wá wọn títí, wọn kò rí wọn. Ni àwọn àgbà bá rọ̀jò ọ̀rọ̀ sórí Dọ́káàsì pé kó mọ́kàn le, kó bá ọkọ rẹ̀ gé aṣọ. Dọ́káàsì sunkún, ó gbé ẹ̀wù funfun tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rán an mọ́ aṣọ ìbora. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Matthias wọlé lọ́sàn-án gangan. Ìjì ló gbé wọn lọ sí èbúté kan lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ wọn ṣe níbẹ̀. Wọ́n wo aṣọ ìbora, wọ́n wo ìyàwó wọn.

“Dọ́káàsì, ta ló kú nínú ilé yìí?”

Dọ́káàsì nawọ́ sí àgékù funfun náà.

“Àbí èmi ni mo kú tí n kò gbọ́?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé ẹ̀wù náà wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, iwájú rẹ̀ pé, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn. Iwájú pátápátá ni wọ́n lọ jókòó sí, kí gbogbo àwọn oníwàdùwàdù lè ríran dáadáa. Susannah kékeré ló jókòó lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yìn bàbá tí wọ́n ti pè lókùú, tó wá ń làágùn níwájú wọn, kò kúrò lójú Màmá títí ọjọ́ ikú wọn.

Màmá kàwé mẹ́fà ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Mùsílímátù ọmọ Sàlàkọ́, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Màmá kò fìgbà kan kọ́ṣẹ́ ní tiwọn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa ṣa àgékù tó bá jábọ́ nílẹ̀, wọ́n á sì fi ojú jí iṣẹ́. Mùsílímátù á ní, “Susannah, ṣé àkísà lo fẹ́ fi kọ́lé ni?” Màmá á ní, “Ilé ni mo fẹ́ fi bora. Ìwọ ṣáà máa gé e ní wọ́gọwọ̀gọ, kí tèmi lè pọ̀.” Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi bú ara wọn báyìí, tí Mùsílímátù fi di Alhaja, tí àpò àgékù kò sì yéé ti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú.

Ní ọdún 1974, Màmá fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí Ògúnsànyà, káfíńtà ọmọ Ìkòròdú, wọ́n sì kó wá sí àdúgbò Itamaga níbẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò lágọ̀ọ́, wọ́n gé etí ìró wọn sílẹ̀ fún ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ọkọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ aṣọ ìbora tiwọn. Ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ wọn, tí gúlúù ti gan mọ́, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló gé e, nígbà tí iṣẹ́ gbé wọn lọ sí Ìbàdàn. Bàbá ti lọ sinmi láti ọdún 2009, àmọ́ òórùn gúlúù náà kò tíì lọ tán.

Ibùdókọ̀ Agric ni Màmá ti tajà: òwú, bọ́tìnnì, síìpù, abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi. Bí oníbàárà kò bá sí, aṣọ ìbora á jáde látinú báàgì. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Garage, wọ́n ń rán an. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de ẹ̀wà kó jinná, wọ́n ń rán an. Àwọn ọmọkùnrin páàkì tí ẹnu wọn kì í gbélẹ̀ máa ń ké pé, “Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹ bá wa lẹ ṣòkòtò wa o!” Màmá á ní, “Ṣòkòtò rẹ nìkan kọ́, màá rán ẹnu rẹ mọ́ ọn.” Nínú ìjọ, wọ́n jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣàánú aláìní, wọ́n rán aṣọ ìbora fún àwọn abiyamọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọge àdúgbò ní abẹ́rẹ́ láì gba kọ́bọ̀. Ìjọ kan náà ló rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ránṣọ nígbà ìwàásù, tí wọ́n ṣèèṣì rán ìró ara wọn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dìde láti dáwó, aṣọ ìbora tẹ̀ lé wọn lọ sí iwájú pẹpẹ bí ìrù. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé orin. Màmá kò wẹ̀yìn. Wọ́n ní Ọlọ́run ti mọ ohun tó wà nílé òun tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta Màmá lọ́rẹ. Nígbà tí Lois ń lọ ilé ọkọ, ó gé tirẹ̀. Nígbà tí Tósìn fẹ́ Tàjùdéèn, ọmọ Alhaja Mùsílímátù, òun náà gé tirẹ̀, àwọn ìyá méjèèjì sì du sísọ́ọ̀sì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó wá ku Akínlolú, àbíkẹ́yìn, tó mọ iṣẹ́ jórinjórin, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ nílé. Ní ọdún 2013, ó ní òun ń gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun. Màmá bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Wọ́n wá na sísọ́ọ̀sì sí i pé kó gé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ wọn.

“Màmá, aṣọ wo ló wà lọ́rùn mi tó yẹ kí n gé? Èyí tí mo bá wọ̀ bọ̀ wálé ni màá gé.”

Ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀nà, ó ní ara òun le. Látìgbà náà, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Àárín aṣọ ìbora gan-an ni Màmá fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n rán àwọn tó kù yí i ká, ibẹ̀ wá dá bí ojú fèrèsé. Ọdún ń gorí ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn ní Itamaga, abẹ́rẹ́ á dúró lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá rí ọkùnrin gíga kan tó bọ́ sílẹ̀ ní Agric, wọ́n á gbàgbé oníbàárà, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi yíjú. Wọ́n á kàn padà sídìí òwú.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2021, Lois náà kò lè wo ojú àlàfo yẹn mọ́. Ó gbé yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé tí Akínlolú fi sílẹ̀ jáde, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó kúnlẹ̀.

“Màmá mi, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ ká bá a gé e, kí ọkàn yín lè sinmi.”

“Ṣé o ti rí òkú rẹ̀ ni?”

“Rárá, Màmá, ṣùgbọ́n…”

“Ṣùgbọ́n kí ni? Lois, gbé sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀. Wọ́n bá bàbá tèmi gé, bàbá ṣì ń bọ̀ lọ́nà. O fẹ́ kí ọmọ mi dé, kó wá bá ara rẹ̀ láàárín òkú?”

Lọ́jọ́ náà gan-an, Màmá mú òwú tó le jù nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣẹ́ etí àlàfo náà yípo, bí a ti ń ṣẹ́ ọrùn ẹ̀wù, kó má baà ya, kó má baà tú. Àwa tó rò pé aṣọ náà kò parí, ìgbà yẹn la rí i pé bó ṣe yẹ kó rí ló rí.

Àìsàn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Alhaja Mùsílímátù wá láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n ń bá wọn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ojú Màmá ti ń ṣú. “Susannah, o ti sọ mí di ọmọṣẹ́ ẹ.” “Ọmọṣẹ́ tí kò gbọ́ràn,” ni Màmá fèsì. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n pe Lois súnmọ́ra.

“Bí mo bá lọ tí kò tíì dé, ẹ gé tèmi. Tèmi nìkan.”

A ti gé e. Láti ara ìró aláró tí wọ́n fẹ́ràn jù ni a ti gé e, a sì rán an sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà.

Nígbà tí a ń to ìwé ètò ìsìnkú yìí, àgbà kan nínú ẹbí ní kí a kọ “olóògbé” síwájú orúkọ Akínlolú, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò, kí àwọn ènìyàn má baà máa bi wá. Lois dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀wù kan tí wọ́n gé lẹ́yìn ti tó nínú ìran yìí.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn Màmá ni Lois, Tósìn, àti Akínlolú Ògúnsànyà, tí a ń retí. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Glory, Balqees àti Ùsámà. Àna wọn Tàjùdéèn, ọ̀rẹ́ wọn Alhaja Mùsílímátù, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti fi aṣọ tí ọwọ́ wọn rán bora rí, ẹ kú àjọṣọ̀fọ̀.

Aṣọ ìbora náà yóò bo Màmá títí dé etí ibojì, yóò sì padà sórí àga wọn ní Itamaga. Kò ní wọ ilẹ̀. Akínlolú, bí ìwé yìí bá kàn ọ́ lọ́wọ́ níbikíbi, ohunkóhun tó bá wà lọ́rùn rẹ ti tó. Máa wọ̀ ọ́ bọ̀. Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì.

Susannah ọmọ Akíngbémisílú, ọmọ atukọ̀-má-bẹ̀rù-ìjì, omi tó gbé bàbá yín bọ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ sùn re o, Màmá. A ò bá a gé e.