Bí Ọlọ́pàá Bá Ní Òun Fẹ́ Wo Inú Ọkọ̀ Rẹ

Ezell ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ yín ní Detroit. Corliss àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Orúnkún ṣì ń dùn mí. Àgbàdo wa yọ dáadáa, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín ti jẹ ìlàjì rẹ̀.

Ruben ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní àtìmọ́lé. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kan kú, ni ọlọ́pàá bá dá a dúró, ó ní, "Ṣé mo lè wo inú ọkọ̀ yìí?" Ruben ní, "Ẹ wò ó, sà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Igbó ni wọ́n bá lábẹ́ àga. Ẹni tí Ruben fi ọkọ̀ gbé láti ibi iṣẹ́ ló fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́?

Lọ́yà rẹ̀ bi mí pé, "Màmá, ta ló ní kí wọ́n wo inú ọkọ̀?"

Mo ní, "Ruben fúnra rẹ̀ ni. Mo tọ́ ọ pé kó má kọ̀ fún ẹni tó wọ aṣọ ìjọba."

Ó ní, "Iná tó kú nìkan kò tó ìdí tí wọ́n fi lè tú ọkọ̀. Ká ní ó kọ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan sọ fún adájọ́."

Nítorí náà, tí o bá ń wakọ̀ bọ̀ wá bá wa ní Mìsìsípì fún ẹjọ́ rẹ̀, tí wọ́n bá dá ọ dúró, gbé ọwọ́ rẹ síbi tí wọn yóò ti rí i. Sọ pé, "Sà, mi ò gbà kí ẹ yẹ ọkọ̀ mi wò." Má pariwo. Bí wọ́n bá tú u tipátipá, má fọwọ́ kàn wọ́n. Láti ìsinsìnyí, máa fi gbólóhùn yẹn dánra wò níwájú dígí nílé títí ohùn rẹ kò fi ní gbọ̀n mọ́. Corliss ní báyìí kọ́ ni mo ṣe tọ́ yín. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Mú ẹ̀wù kóòtù kan wá tí Ruben yóò wọ̀ lọ síwájú adájọ́. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n yẹ iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ wò kí o tó gbéra.

Ìyá rẹ àgbà,
Vernell